Àpótí Kédárì àti Ẹni Tó Lè Dúró

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ní ilé iṣẹ́ kan nílùú Havana wé àádọ́ta sìgá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láti inú ewé kan náà. Wọ́n pín wọn sínú àpótí méjì, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n síhìn-ín, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sọ́hùn-ún. Àpótí kìíní lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tó tutù nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Èkejì lọ sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù kan tí oòrùn ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé kì í ṣe ọwọ́ kan náà ló wé wọn. Èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ti rọ̀, òórùn igi àti ti oyin á ti wọ̀ ọ́ lára. Èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù á máa ta lẹ́nu, á sì jó fòò bí koríko ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọdún mẹ́wàá yẹn ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí: ta ló ní àyè láti dúró dè é, ta ni kò ní, àti ibi tí èrè ìdúró náà ń lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, sìgá tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi bébà wé. Odidi ewé tábà ni, láti inú dé ẹ̀yìn. Èmi kò mu ún rí, mi ò sì ní in lọ́kàn láti mu ún, nítorí tábà ń pa ènìyàn, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í béèrè bóyá a fẹ́ràn nǹkan kí ó tó sọ ohun tí nǹkan náà fi ojú àwọn ènìyàn rí.

Àwọn Taíno ló ni tábà ní Kúbà kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1492, Christopher Columbus rán ọkùnrin méjì, Rodrigo de Jerez àti Luis de Torres, wọ inú erékùṣù náà lọ. Ó rò pé ọba ńlá kan ní ilẹ̀ Éṣíà ni wọn yóò bá pàdé. Àwọn ènìyàn tó ń fa èéfín ewé tó ń jó ni wọ́n rí. Ìwé ìtàn sábà máa ń dúró níbẹ̀, á sì fò lọ sórí owó tí àwọn ará Sípéènì rí nínú tábà. Èmi fẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ níbi tí ìwé ti ń fò.

Ní ìwọ̀-oòrùn Kúbà, ní agbègbè Pinar del Río, ni ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Vuelta Abajo wà. Àwọn ìlú bíi San Luis àti San Juan y Martínez ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ fún tábà. Bí wọ́n bá ká ewé náà tán, wọn yóò fi òwú gán an pọ̀, wọn yóò so ó kọ́ sórí ọ̀pá gígùn nínú ilé kan tó ga fíofío tí wọ́n ń pè ní ilé tábà. Ìdí ilé náà wọ̀ mí lójú nígbà tí mo kà á: wọ́n máa ń kọ́ ọ kí orí rẹ̀ kan kọjú sí ìlà-oòrùn, kí èkejì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn má baà máa na gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àgbẹ̀ náà ń ṣí ilẹ̀kùn bí afẹ́fẹ́ bá dára, ó ń pa á dé bí òjò bá ṣú. Nǹkan bí 50 ọjọ́ ni ewé fi ń rọ̀ níbẹ̀, tí yóò fi kúrò ní àwọ̀ ewé tútù, tí yóò di pupa rẹ́súrẹ́sú. Nítorí náà, kì í ṣe inú àpótí ni ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Kí sìgá tó di sìgá ni ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin àti ooru ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á kó ewé jọ sí òkìtì, wọ́n á bò ó, òkìtì náà á sì máa gbóná láti inú ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ìyá àgbà bo irú rí kò nílò àlàyé púpọ̀. A ó se ẹ̀wà igbá, a ó bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ewé àti aṣọ, ooru á mú un, lọ́jọ́ kejì òórùn kan á sì máa ta wá nímú. Òórùn yẹn, ammonia wà nínú rẹ̀, ammonia kan náà sì ni òkìtì tábà máa ń tú jáde. Tí ooru òkìtì bá pọ̀ jù, ewé á bàjẹ́. Tí kò bá tó, ìkorò rẹ̀ kò ní jáde. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń tú òkìtì náà palẹ̀ tí wọ́n sì ń tún un tò. Nígbà tí wọ́n bá ṣe èyí tán, wọ́n á di ewé náà ní ẹrù pẹ̀lú yagua, ìyẹn ìpìlẹ̀ imọ̀ ọ̀pẹ kan tó wọ́pọ̀ ní Kúbà, wọ́n á sì gbé e sí àká. Ewé tó le jù lọ, tí wọ́n ń pè ní ligero, ó kéré tán ọdún méjì ló ń lò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi wé ohunkóhun.

Nígbà tí wọ́n bá wé sìgá tán, ewé náà kò tíì dákẹ́. Ammonia tó ṣẹ́kù ṣì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ fi máa ń sọ pé kí ènìyàn mu sìgá tuntun láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ ó kéré tán fún ọdún kan, nítorí àárín méjèèjì ni ó ń ṣàìsàn. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà: sìgá tó ń ṣàìsàn, tó nílò ìsinmi. Ibi tí yóò ti sinmi gbọ́dọ̀ jọ Kúbà fúnra rẹ̀, àmọ́ kí ó tutù jù ú díẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yẹ kí ó wà láàárín ìdá 65 sí 70 nínú ìdá 100, kí ooru rẹ̀ sì wà láàárín ìwọ̀n 16 sí 18 ti Celsius. Bí ibẹ̀ bá gbẹ jù, òróró inú ewé tó ń gbé adùn rẹ̀ á gbẹ dànù. Èyí ni ìbàjẹ́ tí kò ní àtúnṣe, nítorí o lè dá omi padà fún ewé, o kò lè dá òróró padà. Bí ó bá tutù rinrin jù, èéfín kò ní gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, ó sì lè bu bí búrẹ́dì tí a gbàgbé sínú ọ̀rá. Bí ó bá gbóná jù, ẹyin kòkòrò kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lasioderma serricorne, tó ti wà nínú ewé tẹ́lẹ̀, á pa, kòkòrò náà á sì lu sìgá ní ihò wẹ́wẹ́ láti inú wá síta.

Àwọn ìyá tó ń ta obì nínú ọjà wa mọ ìṣòro yìí ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ. Wọ́n á fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n á da obì sí i, wọ́n á tún fi ewé bò ó. Wọn kì í gbé e sí oòrùn, wọn kì í sì jẹ́ kí omi dúró nínú rẹ̀. Lóòrèkóòrè ni wọ́n ń tú u wò, wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti lu kúrò kí ó má baà ran ìyókù, wọ́n sì ń pààrọ̀ ewé tó ti gbẹ. Wọ́n ń dúró de ìgbà tí obì yóò wọ́n, kí wọ́n tó kó o jáde. Ẹni tó bá lè tọ́jú obì títí di ìgbà yẹn ló ń jèrè. Àgbẹ̀ tó ní gbèsè lọ́rùn á ti tà á ní ìgbà ìkórè, nígbà tó pọ̀ lọ́jà.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Kúbà, àmọ́ ó mú ẹ̀jẹ̀ dání. Ní ọdún 1717, ọba Sípéènì pàṣẹ pé ìjọba nìkan ni àgbẹ̀ lè ta tábà fún, ní iye tí ìjọba bá dá. Estanco ni wọ́n ń pe òfin náà. Bí ènìyàn bá ń ta wúrà, ó lè bò ó mọ́lẹ̀ kó dúró. Ewé tábà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn aṣojú ọba bá pẹ́ kí wọ́n tó rà á, tàbí tí wọ́n bá ní èyí tí wọ́n rà ti tó, inú ilé àgbẹ̀ ni ewé yóò ti bàjẹ́, adùn rẹ̀ àti owó rẹ̀ á jọ lọ. Àwọn àgbẹ̀ náà dìde ní 1717, wọ́n tún dìde ní 1720, wọ́n sì dìde lẹ́ẹ̀kẹta ní 1723. Ìgbà kẹta yìí, wọ́n pa àwọn tí ọwọ́ tẹ̀, wọ́n sì so òkú wọn kọ́ ní ojú ọ̀nà Jesús del Monte lẹ́bàá Havana, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ọdún 1817 ni òfin Estanco náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko!

Tábà mìíràn wà tí ìtọ́jú rẹ̀ kan àwa gan-an, mi ò sì lè kọ ìtàn yìí kí n má sọ ọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti Kúbà. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, èyí tó dára jù nínú tábà ni wọ́n ń kó lọ sí Lisbon. Èyí tó kù, ewé wẹ́wẹ́ àti ewé tó ti ya, wọn kò gbà kí ó wọ Lisbon. Nítorí pé ewé náà kò dára, ó máa ń tètè gbẹ. Àwọn tó ń ṣe é wá ọgbọ́n dá sí i: wọ́n lọ́ ọ bí okùn, wọ́n fi omi ìrèké dúdú tó ki bí oyin pa á lára ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n ká a jọ, wọ́n sì fi awọ màlúù dì í. Omi ìrèké yẹn ni kò jẹ́ kí ó gbẹ lórí òkun. Ó tún jẹ́ kí ó dùn. Nígbà tó dé Ouidah àti àwọn èbúté tó yí i ká, àwọn tó ń rà á níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju tábà ibòmíràn lọ, àwọn oníṣòwò Òyìnbó yòókù kò sì rí irú rẹ̀ ṣe. Àwọn Dutch tó wà ní Elmina tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn Potogí máa gbé tábà Bahia wá sí èbúté mẹ́rin péré, wọ́n sì ń gba ìdá mẹ́wàá rẹ̀ bí owó ibodè.

Ènìyàn ni wọ́n ń fi í rà. Nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, nígbà tí wọ́n bá ń to ohun tí wọ́n fi ra ẹrú lẹ́sẹẹsẹ, ìbọn, ọtí àti dígí ni mo máa ń bá pàdé, tábà kì í sábà sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ewé tí Lisbon kọ̀, tí wọ́n fi ọgbọ́n ìtọ́jú sọ di ohun tó dùn, wà lára ohun tí wọ́n fi ra àwọn ènìyàn wa gba Ouidah, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Lára wọn ni wọ́n sì fi sí oko tábà tó yí ìlú Cachoeira ká, láti ṣe ẹrù tí wọn yóò fi ra àwọn mìíràn. Mo ti ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn tí mo kọ ọ́, kò sì rọrùn láti kà.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó ni wọ́n gbé lọ sí Kúbà. Lukumí ni orúkọ wọn níbẹ̀. Oko ìrèké ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n lo ẹrú nínú oko tábà Vuelta Abajo náà, àti nínú ilé iṣẹ́ sìgá ní Havana. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin pátápátá níbẹ̀. Títí di òní, àwọn ọmọ wọn àti àwọn tó kọ́ ẹ̀sìn náà lọ́dọ̀ wọn máa ń fi sìgá bọ Ògún àti Ẹlẹ́gbá, wọ́n á fa èéfín rẹ̀ wọ́n á sì fẹ́ ẹ sí ojúbọ. Sìgá ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò, èyí tí ọwọ́ bá tó. Èyí tó sùn ọdún mẹ́wàá nínú kédárì kò tọ̀dọ̀ wọn kọjá.

Ọ̀rọ̀ kédárì náà yẹ ní àlàyé. Ní ọdún 1844, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Upmann, tó tún ń ṣe iṣẹ́ báńkì, dá ilé iṣẹ́ sìgá sílẹ̀ ní Havana. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń dá mọ́ àṣà kíkó sìgá sínú àpótí igi kédárì ránṣẹ́ sókè òkun. Kì í ṣe kédárì Lẹ́bánónì inú Bíbélì o! Ẹbí igi ọ̀gánwó tiwa ni, Cedrela odorata ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ó ń fa ọ̀rinrin mu nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rinrin, ó sì ń dá a padà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, òórùn rẹ̀ sì bá ti tábà mu. Àpótí lásán di olùtọ́jú. Láti ìgbà yẹn, sìgá lè pẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi kí ó sì gúnlẹ̀ láìpàdánù ohun tó wà nínú rẹ̀.

(Ní ilé iṣẹ́ wọ̀nyí náà ni àṣà kan bẹ̀rẹ̀ ní 1865, tí ẹnì kan ń jókòó sí ibi gíga tó ń ka ìwé ìròyìn àti ìtàn sí etí àwọn tó ń wé sìgá. El Fígaro ló kọ́kọ́ ṣe é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìtàn Count of Monte Cristo tí orúkọ rẹ̀ fi di orúkọ sìgá ní 1935. Kò kan ìtọ́jú, àmọ́ mi ò lè fò ó.)

Lọ́ńdọ̀nù ni ọgbọ́n dídúró ti di iṣẹ́ ajé. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kì í fẹ́ ta sìgá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ń gbé e sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí wáìnì, wọ́n á sì máa kà á ní ọdún. Otútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo àwọn ẹbí wa tó wà níbẹ̀ ń ráhùn nípa rẹ̀ jẹ́ èrè fún wọn. Ẹ wò ó dáadáa: ewé kan náà tí àgbẹ̀ 1723 kò lè tọ́jú di ọjọ́ kejì nítorí ọba, ọlọ́jà Lọ́ńdọ̀nù ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó sì ń fi ọdún kọ̀ọ̀kan kún iye rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òṣèlú tún dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, ìjọba Fidel Castro gba àwọn ilé iṣẹ́ sìgá. Ní oṣù kejì ọdún 1962, Ààrẹ John F. Kennedy ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi òfin de gbogbo ọjà Kúbà. Pierre Salinger, agbẹnusọ rẹ̀, sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé Ààrẹ ti kọ́kọ́ rán òun kí òun lọ wá 1,000 sìgá Petit Upmann kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó rí 1,200. Ìgbà tó jíṣẹ́ yìí tán ni Kennedy tó fọwọ́ sí ìwé òfin náà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún bí mi nínú, nítorí ẹni tó ti kó tirẹ̀ sí àpótí ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo sìgá Kúbà tó ti wọ Amẹ́ríkà ṣáájú òfin náà di ohun ìṣúra, nítorí òfin gbà kí ènìyàn ní i. Èyí tí wọ́n tọ́jú dáadáa nìkan ni mo ń sọ. Èyí tó gbẹ nínú dúrọ́ọ̀ baba àgbà kan di ewé lásán. Ní ìlú Geneva, Zino Davidoff, ẹni tí wọ́n bí ní Kiev ní 1906, ti sọ ìtọ́jú di iṣẹ́ ìmọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń ṣe yàrá àti àpótí tí afẹ́fẹ́ inú wọn jọ ti Havana. Kúbà tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sọ sìgá. Ṣùgbọ́n ní 1989 ìjà dé, ó ní ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kò dára mọ́, ó sì dáná sun sìgá tó lé ní 100,000. Èyí tí kò yẹ fún dídúró, ó rò pé iná ló yẹ ẹ́.

Kúbà náà kọ́gbọ́n. Láti 1985 ni wọ́n ti ń tẹ àmì ìkọ̀kọ̀ sí ìdí àpótí. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà rẹ̀, NIVEL ACUSO: N jẹ́ 1, I jẹ́ 2, títí dé O tó jẹ́ 0. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè mọ oṣù àti ọdún. Láti 2000, wọ́n ń kọ oṣù àti ọdún síta gbangba, torí àwọn tó ń rà á fẹ́ mọ iye ọdún tí wọ́n ń sanwó fún. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá ewé dúró fúnra wọn: sìgá tí wọ́n ń pè ní Reserva, ewé rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán kí wọ́n tó wé e, Gran Reserva sì ń lo ọdún márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú èrè ìdúró ṣe padà sí erékùṣù tí ewé ti wá, lẹ́yìn tó ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn fún ìgbà pípẹ́.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, ìjì líle tí wọ́n sọ ní Ian gba orí Pinar del Río kọjá. Ilé tábà ló kọ́kọ́ wó, nítorí igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ga. Ní San Luis àti San Juan y Martínez, ilé tó wó lulẹ̀ pọ̀ ju èyí tó dúró lọ. Ìgbà gbíngbìn ku díẹ̀. Irúgbìn wà, ilẹ̀ wà, ọwọ́ àgbẹ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbin tábà láìní ilé tí yóò kọ́ ọ sí, jíjẹrà ni yóò kórè. Nítorí náà, igi tó wó náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣà jọ, tí wọ́n ń yọ ìṣó lára rẹ̀, tí wọ́n ń tún un gbé ró, kí wọ́n tó mọ iye tí wọn yóò gbìn.